Ẹsẹ̀ wíwú àti oògùn tí kò sí lórí káàdì: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan lọ́dọ̀ dókítà ìdílé tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn

Ilé ìwòsàn ìdílé oníyàrá méjì ni, lórí àjà kejì ilé kan ní ìlú ńlá kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Dókítà kan ló wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì, akọ̀wé kan tó ń wá káàdì, àti yàrá àyẹ̀wò kékeré tó mọ ìtọ̀ àti ṣúgà í yẹ̀ wò. Creatinine, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, àti èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìta ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ ọdún karùn-ún kan wá síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kejì ni ohun tí a fẹ́ kọ yìí sì ṣẹlẹ̀. Aláìsàn inú rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn kan pàtó. Inú irú ọ̀ràn tí àwọn dókítà ìdílé ń bá pàdé léraléra la ti hun ún pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dá aláìsàn kankan mọ̀.

Ìdí tí a fi yan ọ̀ràn yìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì gọ̀. Ó ròyìn aláìsàn bí ẹni ń ka ìwé, ìròyìn náà tò tẹ̀léra wọn, síbẹ̀ nọ́ńbà ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ kò tọ́, oògùn tó ṣe pàtàkì jù kò sì sí níbẹ̀ rárá. Dókítà tó bá jókòó gbọ́ ìròyìn nìkan kò lè mọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó ní láti fojú ara rẹ̀ rí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí apá aláìsàn.

Bí wọ́n ṣe tún iṣẹ́ tò

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti ń mú akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn kúrò ní ọgbà ilé ìwòsàn ńlá nílẹ̀ wa. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán tirẹ̀ lọ sí Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, kí wọ́n lè rí àìsàn níbi tí àwọn èèyàn ń gbé. Ṣùgbọ́n ti ilé ìwòsàn aládàáni le ju ìyẹn lọ. Owó tí aláìsàn bá san ni wọ́n fi ń san owó oṣù nọ́ọ̀sì, gbogbo ìṣẹ́jú tí dókítà bá sì fi kọ́ni, àwọn kan wà níta tó ń fi ìṣẹ́jú náà dúró dè é.

Ilé ìwòsàn yìí kì í dá àkókò fún aláìsàn. Nọ́ńbà ni wọ́n ń mú. Nítorí náà wọ́n ní kí akọ̀wé máa ya nọ́ńbà mẹ́ta sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀: ẹnì kẹta, ẹnì keje àti ẹnì kọkànlá. Tí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí ẹni tí àyà ń dùn, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́; ẹni tó tẹ̀ lé e ni wọ́n á mú. Akẹ́kọ̀ọ́ á wà pẹ̀lú aláìsàn ní yàrá kejì fún ìṣẹ́jú 15, dókítà á rí ẹni méjì ní yàrá kìíní láàárín ìgbà náà, lẹ́yìn náà ni yóò wọlé tọ̀ wọ́n wá fún ìṣẹ́jú 10. Ìṣẹ́jú 10 lọ́nà mẹ́ta, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nìyẹn. Aago méjọ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn tẹ́lẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà, wọ́n ń ṣí i ní aago méje ààbọ̀. Ẹni tí kò bá san ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yìí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ yóò fi ariwo èrò san án lọ́sàn-án.

Nídìí gbígba àyè lọ́wọ́ aláìsàn ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti ń kùnà. Wọ́n á mú akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, dókítà á wá bi aláìsàn pé, "Ẹ ò ní bínú bí ọmọ yìí bá jókòó tì wá, àbí?" Ta ni yóò sọ pé òun á bínú níṣojú ọmọ ọlọ́mọ, níṣojú dókítà tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀? Níbi tí a ń wí yìí, akọ̀wé ló ń béèrè nídìí tábìlì rẹ̀, kí aláìsàn tó rí akẹ́kọ̀ọ́ sójú rárá: "Akẹ́kọ̀ọ́ dókítà kan wà lọ́dọ̀ wa. Ṣé kó kọ́kọ́ rí yín, kí dókítà wá bá yín lẹ́yìn náà, àbí dókítà nìkan lẹ fẹ́? Èyí tẹ́ ẹ bá mú, nọ́ńbà yín ò ní kúrò níbi tó wà." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń jẹ́ kí aláìsàn lè sọ òótọ́ inú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní dókítà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, dókítà fi ogún ìṣẹ́jú bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: kí lo ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe rí, kí lo fẹ́ mọ̀ kí o tó kúrò níbí, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ibi tí ìbọ̀wọ́ wà hàn án, àpótí tí wọ́n ń ju abẹ́rẹ́ sí, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti òfin ilé: kò sí fọ́tò aláìsàn lórí fóònù, kò sí orúkọ aláìsàn lórí WhatsApp, kò sí oògùn tí yóò jáde lórí ìwé rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i, kò sì sí aláìsàn tí yóò lọ sílé láìrí dókítà. Ọjọ́ méjì tó tẹ̀ lé e, ó jókòó wo dókítà. Kì í ṣe ìjókòó lásán. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kó ka ìṣẹ́jú àáyá tí aláìsàn fi sọ̀rọ̀ kí dókítà tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kó kọ ìbéèrè tí dókítà fi mọ ohun tó gbé aláìsàn wá gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn ò bá fún ní nǹkan tí yóò ṣọ́, oorun ni yóò máa kùn ún.

Ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, nọ́ńbà keje jẹ́ ìyá oníṣòwò aṣọ kan, ẹni ọdún 58, tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń wú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, akẹ́kọ̀ọ́ jáde wá bá dókítà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ròyìn.

Ó ní ẹsẹ̀ náà ti ń wú láti bí oṣù kan, pé ó máa ń pọ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárọ̀. Màmá kì í sùn lórí pílò ju ọ̀kan lọ, àìlèmí dáadáa kì í jí i lójú oorun, kò hú ikọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ni amlodipine 10 mg lójúmọ́, kò sì pa á jẹ. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 172/104. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mọ́, iṣan ọrùn rẹ̀ kò yọ. Ó wá sọ ohun tó rò: ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn kò ká. Ó fẹ́ fi lisinopril 10 mg kún un nítorí ìfúnpá, àti furosemide 40 mg, oògùn tó ń múni tọ̀, nítorí ẹsẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó nínú ìdánwò ìṣègùn rí mọ̀ pé ìròyìn báyìí ń gba máàkì.

Dókítà ti rí màmá náà kọjá lọ́nà. Ó rí ọrùn ẹsẹ̀ tó bo etí bàtà, ó rí i pé bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn ló ń di orúnkún ọ̀tún mú. Ó ti fura sí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó la ẹnu. Ibí gan-an ni iṣẹ́ títọ́ni ti ń bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́: ìdáhùn á ti dé ẹnu rẹ̀, èrò wà níta, á kàn sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ á sì rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọ̀gá mọ nǹkan.

Ìlànà kan wà tí Jon Neher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn olùkọ́ dókítà ìdílé ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1992 fún irú àkókò yìí. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ló ní, wọ́n sì ṣe é kó lè bá ìṣẹ́jú díẹ̀ mu: jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ ohun tí òun gbà pé ó ń ṣẹlẹ̀; bi í pé kí ló gbé e dé ibẹ̀; kọ́ ọ ní òfin kan tó lè mú lò fún aláìsàn mìíràn; sọ ohun tó ṣe dáadáa; tún ohun tó ṣì ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ yìí ti ṣe àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè. Dókítà bọ́ sí ìkejì: "Nínú gbogbo ohun tí o rí, èwo ló jẹ́ kí o gbà pé oògùn ò ká a?"

"Ìfúnpá rẹ̀ ni, mà. 172."

"Ó dáa. Jẹ́ ká jọ lọ wọ̀n ọ́n."

Kò sọ pé nọ́ńbà náà kò tọ́. Òun náà kò tíì mọ̀ bóyá kò tọ́.

Apá, téèpù àti kọ́ọ̀fù

Nígbà tí wọ́n wọlé, kọ́ọ̀fù, aṣọ tí ẹ̀rọ ìfúnpá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí yíká apá, ṣì wà lápá màmá, lórí ọwọ́ búbá léèsì rẹ̀. Màmá fi ẹsẹ̀ kan lé èkejì, apá rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó sì ń sọ fún nọ́ọ̀sì bí ọkọ̀ ṣe já a jù sílẹ̀ jìnnà. Dókítà kò bá akẹ́kọ̀ọ́ wí níwájú rẹ̀. Màmá ló dojú ọ̀rọ̀ kọ: "Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn ni. A fẹ́ kí ara yín balẹ̀ ká tún un wọ̀n. Ẹ ò fẹ́ kọ́kọ́ tọ̀?" Màmá fẹ́. Wọ́n jẹ́ kó lọ.

Kó tó padà, dókítà fi téèpù aránṣọ lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ó ní kó wá góńgó egungun èjìká, kó wá góńgó ìgúnpá, kó sàmì sí àárín méjèèjì, kó wọn yíká apá níbẹ̀. Nígbà tí màmá dé, ó ká ọwọ́ búbá sókè dáadáa, ó wọ̀n ọ́n: 37 cm. Dókítà ní kó ka ohun tí wọ́n kọ sára kọ́ọ̀fù tó lò. Wọ́n kọ 22–32 cm síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ dákẹ́.

Kọ́ọ̀fù tó bá kéré fún apá máa ń fi ìfúnpá hàn ju bó ṣe jẹ́ lọ, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ní láti le jù kó tó lè fún iṣan tó wà láàárín ẹran apá tó nípọn. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ Johns Hopkins gbé jáde ní 2023 rí i pé, lára ẹni tí kọ́ọ̀fù ńlá yẹ fún, kọ́ọ̀fù àárín fi bíi 5 kún nọ́ńbà òkè. Lára ẹni tí èyí tó tóbi jù lọ yẹ fún, ó fi bíi 20 kún un. Ọ̀rọ̀ sísọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lè fi bíi 10 kún un. Ìtọ̀ tó kún inú náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Apá tó rọ̀ sílẹ̀ ju ọkàn lọ, ẹsẹ̀ tó gun ara wọn, àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn, gbogbo wọn ń gbé e sókè. Kò sí ẹ̀rọ tó ń kọ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí sí ojú rẹ̀. 172 nìkan ló ń kọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló tún un wọ̀n, dókítà kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Kọ́ọ̀fù 32–42 cm, awọ ara lásán, etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ju kọ̀rọ̀ ìgúnpá lọ ní ìka méjì. Ẹ̀yìn màmá ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, apá wà lórí tábìlì tí wọ́n fi ìrọ̀rí kékeré gbé dé ọ̀gangan ọkàn. Wọ́n jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún yìí gùn létí ẹni tí èrò ń dúró dè, dókítà sì lò ó: ó padà sí yàrá kìíní, ó kọ oògùn fún ẹnì kan, ó padà wá. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ 150/90. Wọ́n dúró ìṣẹ́jú kan, wọ́n tún un wọ̀n: 146/88. Àárín rẹ̀ jẹ́ 148/89.

Ó ṣì ga o. Ṣùgbọ́n 148 lórí amlodipine 10 mg àti 172 kì í ṣe ọ̀ràn kan náà, wọn kì í sì í pe irú oògùn kan náà.

Ohun tí wọ́n fi ń pa orúnkún

Akẹ́kọ̀ọ́ ti béèrè pé, "Màmá, oògùn wo lẹ ń lò?" Màmá sì ti dáhùn dáadáa: amlodipine. Ohun tí dókítà kọ fún un nìyẹn, òun ló wà lórí káàdì. Ní ojú ọ̀pọ̀ aláìsàn wa, èyí tí wọ́n rà fúnra wọn lọ́dọ̀ kẹ́míìsì kò sí nínú "oògùn tí mò ń lò". Àgbo kò sí nínú rẹ̀. Róòbù àti ìpara ìrora kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ní láti béèrè láti ibi tó ń dùn.

Dókítà fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu ní ẹ̀gbẹ́ kan: "Bi wọ́n nípa orúnkún." Akẹ́kọ̀ọ́ yíjú sí màmá.

"Màmá, mo rí i pé ẹ ń di orúnkún mú. Tó bá ń dùn yín, kí lẹ máa ń lò sí i kó tó rọ̀?"

"Ìyẹn? Ibuprofen ni o, dókítà kékeré. Èyí pupa yẹn. Kẹ́míìsì ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló ń tà á fún mi."

"Mélòó ni lójúmọ́?"

"Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Tí ọjà bá pọ̀, mo máa ń fi ọ̀kan kún un lọ́sàn-án."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọdún tuntun."

400 mg ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan, oṣù June la sì wà. Dókítà bọ́ sí iwájú láti béèrè nípa àgbo. Màmá ní òun máa ń mu àgbo jẹ̀díjẹ̀dí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lóṣooṣù. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni dókítà fa ìwé òfìfo kan yọ, ó fa ìlà gígùn méjì sórí rẹ̀ kó lè pín sí mẹ́ta, ó sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní káàdì màmá. Apá kìíní fún oṣù, apá kejì fún ohun tó bẹ̀rẹ̀, apá kẹta fún ohun tó yí padà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́: January, ibuprofen fún orúnkún. March, ìfúnpá 156/94, wọ́n gbé amlodipine kúrò ní 5 mg sí 10 mg. May, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó kọ June, ó gbé gègé sókè, kò kọ ohun tó fẹ́ kọ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Furosemide ni ǹ bá kọ síbí, mà."

Ó ti rí i fúnra rẹ̀. Ibuprofen ń jẹ́ kí kíndìnrín di iyọ̀ àti omi mú, ó sì ń gbé ìfúnpá sókè, pàápàá lára ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó tún ń dín agbára àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan kù. Ìfúnpá tó gòkè ló pe amlodipine 10 mg. Amlodipine, bó bá ṣe pọ̀ sí i, ń fẹ àwọn iṣan tín-ín-rín tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà wọ inú ẹran ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kì í fẹ àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde bákan náà, omi á sì máa sun jáde sínú ẹran. Nítorí pé kì í ṣe omi tó pọ̀ jù nínú ara ló ń fa irú wíwú yìí, oògùn tó ń múni tọ̀ kì í sábà ràn án. Oògùn bí àìsàn, àìsàn pe oògùn.

Ohun tó léwu jù ni ohun tí ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ìbá ṣe tí ó bá jáde bẹ́ẹ̀. Lisinopril àti furosemide, lórí ibuprofen tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ nípa rẹ̀: àpapọ̀ mẹ́ta tí gbogbo dókítà kíndìnrín ń sá fún. Ibuprofen ń fún iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ asẹ́ kíndìnrín. Lisinopril ń dẹ èyí tó ń gbé e jáde. Furosemide ń dín omi inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún ọ̀pá omi lọ́rùn lápá òkè, wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀ gbayawu nísàlẹ̀, omi táǹkì sì tún ń lọ sílẹ̀. Kò sí agbára tí yóò ti omi gba inú asẹ́. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá tún mú irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

Dókítà pinnu báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ ló kọ ọ́, dókítà ló fọwọ́ sí i. Ibuprofen dópin. Paracetamol 1 g nígbà tí orúnkún bá dùn, kó má ju ìgbà mẹ́ta lọ lójúmọ́. Amlodipine padà sí 5 mg. Wọn ò gba amlodipine kúrò pátápátá, nítorí ó wà lára èyí tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù fún èèyàn dúdú. Ìwádìí CREOLE tí wọ́n gbé jáde ní 2019, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi hàn pé àdàpọ̀ tí amlodipine wà nínú rẹ̀ borí àdàpọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru méjì mìíràn, perindopril àti hydrochlorothiazide. Wọ́n yẹ ìtọ̀ wò, kò sí purotéènì níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ fún creatinine àti potassium. Wọn ò fi oògùn ìfúnpá kejì kún un lọ́jọ́ náà: kí ibuprofen kọ́kọ́ kúrò, kí èsì creatinine dé, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó nílò rẹ̀. Nípa orúnkún, akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ọ ní eré ìmárale kan: jókòó sórí àga, na ẹsẹ̀ kan tààrà, dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹwàá lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Kí màmá padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 14, kó sì kó gbogbo ohun tó ń gbé mì dání nínú náílọ̀n kan, ti dókítà, ti kẹ́míìsì, ti alágbo.

Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ 14 kó lè bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹrin akẹ́kọ̀ọ́. Ní ilé ìwòsàn ńlá, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rí aláìsàn lẹ́ẹ̀kan, kì í mọ bó ṣe parí. Ohun tí ilé ìwòsàn ìdílé ní tí àwọn yẹn kò ní ni ìgbà kejì.

Lẹ́yìn tí màmá jáde

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà gbà, ilẹ̀kùn wà ní títì, kí wọ́n tó pe ẹni tó kàn. Dókítà kò sọ pé "o gbìyànjú". Gbólóhùn yẹn kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní mọ èyí tí yóò tún ṣe àti èyí tí yóò fi sílẹ̀.

Ó kọ́kọ́ sọ èyí tó dára, ó sì dárúkọ rẹ̀: "O béèrè iye pílò, o béèrè bóyá ẹsẹ̀ ń rọlẹ̀ láàárọ̀, o wo iṣan ọrùn. Àwọn yẹn ni ò jẹ́ kí ọwọ́ wa sáré sí àìsàn ọkàn. Má fi wọ́n sílẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó kù: "O di kọ́ọ̀fù 22–32 mọ́ apá 37, lórí búbá, màmá sì ń sọ̀rọ̀. Láti ọ̀la, téèpù ni yóò kọ́kọ́ kan apá ẹ̀jẹ̀ ríru èyíkéyìí tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ. Èkejì, bó o bá ti bi wọ́n léèrè oògùn tán, tún béèrè ohun tí wọ́n ń lò sí ìrora, sí oorun, sí ìgbẹ́." Òfin kan ṣoṣo ló fi kún un: tí aláìsàn tó ti ń lo oògùn bá ní nǹkan tuntun lára, kọ́kọ́ béèrè bóyá oògùn ló fà á, kí o tó fi òmíràn lé e.

Òfin kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ dókítà tó fẹ́ràn kíkọ́ni á ti bẹ̀rẹ̀ láti orí kíndìnrín, wọ́n á dé orí renin tí kíndìnrín ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á fi ogún ìṣẹ́jú sọ ọ́, èrò á máa kùn níta. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ka ìyẹn nílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní, "Ẹ má bínú, mà. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìfúnpá wíwọ̀n fún mi nínú logbook láti ọdún tó kọjá." Òótọ́ ni; inú ìwé yẹn ni ọ̀gá ti ń fọwọ́ sí i pé akẹ́kọ̀ọ́ mọ iṣẹ́ kan ṣe. Dókítà bi í pé apá ta ló fi kọ́ ọ. Apá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, nínú yàrá ìdánrawò, ọmọ tín-ín-rín kan tí kọ́ọ̀fù àárín bá mu. Ìfọwọ́sí náà kò purọ́, àmọ́ apá kan ṣoṣo ló mọ̀.

Ibẹ̀ ni ewu logbook wà níbi gbogbo. Ọjọ́ Ẹtì á dé, akẹ́kọ̀ọ́ á kó ojú ewé mẹ́jọ síwájú ọ̀gá, ọ̀gá á máa fọwọ́ sí i bí ẹni fọwọ́ sí ìwé owó, torí pé ọmọ náà níwà, ó ń tètè dé. Ìwà rere kì í ṣe ẹ̀rí pé ọwọ́ mọ iṣẹ́. Dókítà yìí pa ojú ewé ìfúnpá tì, ó ní òun á fọwọ́ sí i nígbà tí òun bá ti rí i kó wọ̀n ọ́n lápá mẹ́ta tó yàtọ̀ síra.

Ọjọ́ 14

Màmá kó náílọ̀n dé. Amlodipine 5 mg wà níbẹ̀, paracetamol wà níbẹ̀, páálí ibuprofen kan tó ku hóró mẹ́rin náà wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kò bá a jà. Ó béèrè pé ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn, màmá sì sọ pé òun jó níbi òkú kan lọ́jọ́ Sátidé, pé ọjọ́ méjì péré ni òun fi lò ó. Ẹni tí wọ́n bá kígbe mọ́ nítorí ọjọ́ méjì, lọ́jọ́ mìíràn yóò gbàgbé náílọ̀n nílé. Wọ́n jọ fẹnu kò pé bí òde bá tún wà, paracetamol ni yóò lò kó tó jáde nílé, kó má dúró dìgbà tí orúnkún bá ti le.

Ẹsẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀; nígbà tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun, ihò díẹ̀ ló yọ. Creatinine àti potassium wà bó ṣe yẹ. Ìfúnpá, pẹ̀lú kọ́ọ̀fù ńlá, lẹ́ẹ̀mejì, àárín rẹ̀ jẹ́ 138/86. Dókítà jókòó sẹ́yìn nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀n ọ́n, kò sọ̀rọ̀. Ohun kan ló rí: akẹ́kọ̀ọ́ tẹ bọ́tìnnì tán, ó tún ń bi màmá nípa ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó. Dókítà fi ìka lé ètè ara rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ dákẹ́, wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ parí, wọn ò ka ti ìgbà yẹn mọ́ ọn. Wọn ò fi oògùn kejì kún un. Màmá á padà wá lẹ́yìn oṣù kan, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ò ní sí níbẹ̀ mọ́. Wọ́n sì sọ fún un bẹ́ẹ̀, kó má baà dé kó máa wá dókítà kékeré rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, dókítà fọwọ́ sí ojú ewé ìfúnpá, ó sì kọ ohun tó rí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: apá 24, 31 àti 37 cm, kọ́ọ̀fù bá a mu lẹ́ẹ̀mẹta, ó ṣì ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́, ó béèrè pé kí wọ́n fi kọ́ọ̀fù ńlá àti téèpù sí yàrá ìdánrawò. Ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ náà, wọ́n fi okùn so téèpù mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, àwọn nọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwọ̀n apá sí igun òkè káàdì gbogbo aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru. Àwọn tó ju 32 cm lọ, wọ́n ń tún ìfúnpá wọn wọ̀n kí ẹnikẹ́ni tó fi oògùn kún oògùn wọn.